Ẹ Bi Ìyá Alábàárìn: Alájà Iléṣà fẹ́ gẹṣin lórí òkè ní Sípéènì

Ìyá Alábàárìn, ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣọ ni mò ń tà ní ọjà Àtàkúnmọ̀sà nílùú Iléṣà, mo sì ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún. Ọmọ mi ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ ní Málaga, ní gúúsù Sípéènì. Ó ní kí èmi àti bàbá rẹ̀ wá lo ọ̀sẹ̀ kan. Mo ti rò pé ilé rẹ̀ la máa wà, àfi bó ṣe ní òun ti bá wa gba yàrá ní ilé oko kan lórí òkè, níbi tí àwọn àlejò ti ń sùn, tí wọ́n ń jẹ ohun tí olóko bá sè, tí wọ́n sì ń gẹṣin kiri ara òkè. Èmi! Ẹṣin! Mo sanra, orúnkún ọ̀tún ń dùn mí, mùsùlùmí ni mí, mo sì gbọ́ pé ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́. Bàbá wọn ní ta ló ti rí ìyá àgbà lórí ẹṣin rí. Ṣé kí n lọ ni, àbí kí n ní kó kúkú fowó náà ránṣẹ́ sílé?
Alájà, Iléṣà

Ẹ lọ, Alájà. Owó tẹ́ ẹ ní kó fi ránṣẹ́ yẹn, ẹ̀yin náà mọ̀ pé páànù òrùlé ni yóò bá lọ.

Mo mọ irú ibi tí ọmọ yín ń wí. Èmi àti ọmọ àbúrò mi lọ sí ọ̀kan ní agbègbè Alpujarra, lápá gúúsù òkè Sierra Nevada. Cortijo ni wọ́n ń pe ilé oko bẹ́ẹ̀. Ògiri rẹ̀ nípọn, wọ́n fi ẹfun kùn ún títí tó fi funfun báláú, òrùlé rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Igi álímọ́ńdì, ólífì àti ọ̀pọ̀tọ́ wà lórí ilẹ̀ tí wọ́n gé ní ìpele-ìpele sára òkè. Ewúrẹ́ ń bẹ, adìyẹ ń bẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà sí oko kòkó kò ní torí adìyẹ wọkọ̀ òfúrufú, ṣùgbọ́n ẹ ó jókòó síbi tí oòrùn ti ń ta yín lẹ́yìn, ẹ ó sì máa wo yìnyín lórí òkè níwájú yín. Ṣóńṣó tó ga jù níbẹ̀, Mulhacén, ga tó mítà 3,479. Wọn kì í fi ẹṣin gbé àlejò débẹ̀ o, kí ọkàn bàbá wọn balẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ tẹnu mọ́ ni pé kí ẹ sọ tinú yín fún olóko kí ẹ tó gbéra nílé. Ìjẹ̀ṣà lèmi náà, bí mo tilẹ̀ ń gbé Ifẹ̀, mo mọ bí a ṣe máa ń tijú àlejò. A ò fẹ́ sọ pé ara wa tóbi, a ò fẹ́ sọ fónílé pé a kì í jẹ oúnjẹ rẹ̀. Síbẹ̀ àwa náà la ní òṣómàáló, tó ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi gbowó rẹ̀. Ojú tí kò ti àwọn yẹn, ẹ mú un dání lọ sí Sípéènì.

Ìwọ̀n ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fẹṣin gbé àlejò ló ní iye kílò tí ẹni tó máa gùn ún kò gbọdọ̀ kọjá. Ibòmíràn 85 ni, ibòmíràn 95. Kí ọmọ yín béèrè tiwọn. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ gun ìwọ̀n, kí ẹ fi iye tó bá gbé ránṣẹ́, kì í ṣe iye tó gbé lọ́dún tẹ́ ẹ lọ Mẹ́kà. Bó bá kọjá, wọ́n lè ní ẹṣin tó lágbára jùyẹn lọ, wọ́n sì lè ní kí ẹ máa fẹsẹ̀ rìn tẹ̀ lé àwọn yòókù. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Èmi sọ kílò 88, abo ẹṣin aláwọ̀ eérú kan tí àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn ààfin ni wọ́n fà jáde fún mi.

Ẹ sọ pẹ̀lú pé ẹ ò gùn ún rí. Obìnrin kan wà nínú àwa tá a jọ jáde, òyìnbó ni, ó ní láti kékeré lòun ti ń gẹṣin. Ìgbà tí ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í dà gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀, ẹ̀rù bà á, ó fa okùn ìjánu gírígírí, ẹṣin sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀yìn rìn lọ sí etí ọ̀gbun. Olóko sọ̀ kalẹ̀ lórí tirẹ̀, kò sọ̀rọ̀, ó gba okùn lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń fà á bọ̀ títí a fi délé. Ẹni tó bá ti sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n, wọ́n á fún un ní ẹṣin àgbà tó ti sú láti máa sáré.

Gígùn rẹ̀ kò le tó bẹ́ ẹ ṣe rò. Òkúta tàbí àpótí wà tí wọ́n ń dúró lé, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí ẹ fò látilẹ̀. Apá òsì ẹṣin lẹ ó wà. Ẹ ki ẹsẹ̀ òsì bọ irin tó rọ̀ lára gàárì, ẹ di irun ọrùn ẹṣin mú, ẹ gbéra, ẹ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún kọjá ìdí rẹ̀, kí ẹ wá rọra jókòó. Ẹ má jókòó gbì, ẹ̀yìn rẹ̀ ń dùn ún. Ẹ rí i pé ẹsẹ̀ òsì ló ṣiṣẹ́ jù, orúnkún ọ̀tún yín ò tí ì ṣe nǹkan kan. Bíbọ́ sílẹ̀ gan-an ni kí ẹ bẹ̀rù, nítorí ẹsẹ̀ ọ̀tún yẹn ló sábà máa ń kọ́kọ́ kan ilẹ̀. Àwọn àgbà kúkú ní bó pẹ́ bó yá, ẹni tó gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Ẹ ní kí wọ́n gbé àpótí padà wá, kí ọmọ yín sì dúró tì yín.

Gàárì àwọn darandaran wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní vaquera, jinlẹ̀, wọ́n sì máa ń tẹ́ awọ àgùntàn lé e, ó ń di èèyàn mú. Tí ọ̀nà bá ń gòkè, ẹ fara síwájú díẹ̀. Tó bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ fara sẹ́yìn, kí ẹ tú okùn ìjánu sílẹ̀ fún un kó lè na ọrùn. Ẹṣin òkè fẹ́ràn àtimáa rìn ní etí ọ̀nà, níhà ọ̀gbun gan-an, Ọlọ́run ló mọ ìdí rẹ̀. Ẹ má wo ìsàlẹ̀, àárín etí rẹ̀ méjèèjì ni kí ẹ máa wò. Yóò fẹ́ já koríko jẹ lójú ọ̀nà. Bí ẹ bá gbà fún un lẹ́ẹ̀kan, ẹ ti di iránṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn títí dalẹ́. Wákàtí kan tó yín. Bí wọ́n bá ní ọjọ́ kan gbáko, ẹ kọ̀, nítorí iṣan itan yín kò ní jẹ́ kí ẹ rúkúù ní ọjọ́ kejì.

Ẹ wọ ṣòkòtò tó nà, tí kò ní ojú rírán tó nípọn nínú itan, kí ẹ fi bùbá gígùn lé e. Híjáàbù onírọ́bà tó lẹ̀ mọ́rí ni kí ẹ wọ̀ sábẹ́ akoto tí wọ́n máa fún yín, ẹ má fi pín-ìnnì sí i, yóò gún yín. Bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀, tó ní gìgísẹ̀ díẹ̀, ló dára. Ìborùn tó ń fò, ẹ fi í sílẹ̀ ní yàrá.

Ti ẹlẹ́dẹ̀, òótọ́ ni wọ́n sọ fún yín. Itan ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi iyọ̀ sí, tí wọ́n gbé kọ́ sínú afẹ́fẹ́ òkè kó gbẹ, ni wọ́n fi mọ abúlé Trevélez. Àwo oúnjẹ tí wọ́n fi orúkọ agbègbè náà pè, plato alpujarreño, ọ̀dùnkún àti ẹyin díndín ló fi ń fa ojú èèyàn mọ́ra, ṣùgbọ́n ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti ìfun tí wọ́n rọ ẹ̀jẹ̀ kún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n tún máa ń ju ègé rẹ̀ sínú ọbẹ̀ ẹ̀wà, kó lè ta sánsán, wọn ò sì ní kà á sí ẹran rárá. Nítorí náà, ẹ má sọ pé “ẹ jọ̀ọ́, díẹ̀ ni kí ẹ fi sí i.” Ẹ sọ pé: “No como cerdo,” ìyẹn ni pé ẹ kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀. Kí ọmọ yín kọ ọ́ ránṣẹ́ ṣáájú pẹ̀lú. Ọ̀dùnkún tí wọ́n fi òróró ólífì, àlùbọ́sà àti tàtàṣé dín, ẹ máa jẹ ẹ́ gbádùn. Wàràkàṣì ewúrẹ́ wà, ẹja wà. Iyán ò sí, ata tó ta náà ò sí, ẹ di ata gígún tiyín dání. Aago méjì ọ̀sán ni wọ́n ń jẹun ọ̀sán, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni ti alẹ́, kí ebi má bàa mú bàbá wọn sọ̀rọ̀ tí kò yẹ.

Ilẹ̀ tẹ́ ẹ ń lọ yẹn, Alájà, ilẹ̀ àwọn mùsùlùmí ni láyé ọjọ́un. Ọdún 711 ni wọ́n wọ Sípéènì, ìlú Granada ló sì gbẹ̀yìn bọ́ lọ́wọ́ wọn ní 1492. Àwọn tó kù ní Alpujarra dìtẹ̀ ní 1568, nígbà tí wọ́n sì ṣẹ́gun wọn, wọ́n lé wọn kúrò lórí òkè náà, wọ́n kó àwọn ará àríwá wá gba ilé wọn. Àmọ́ omi wọn ò lọ. Àwọn ojú omi tóóró tí wọ́n là sára òkè, acequia, ṣì ń gbé omi yìnyín wá sí ìdí igi álímọ́ńdì títí di òní. Ẹ lè ṣe àlùwàlá níbẹ̀, bí ọwọ́ yín bá lè gba òtútù rẹ̀. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń padà bọ̀, kí ọmọ yín yà yín sí mọ́ṣáláṣí ńlá tí wọ́n ṣí ní 2003 ní àdúgbò Albaicín ní Granada, tó dojú kọ ààfin Alhambra. Èmi tí mo jẹ́ onígbàgbọ́, mo jókòó sínú ọgbà rẹ̀ pẹ́.

Oṣù kẹrin, oṣù karùn-ún, tàbí ìparí oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá ni kí ẹ lọ. Ní oṣù keje àti ìkẹjọ, ooru pẹ̀tẹ́lẹ̀ ibẹ̀ máa ń kọjá ìwọ̀n 40. Alẹ́ òkè tutù nígbà gbogbo, ẹ mú súwẹ́tà. Ọ̀nà ibẹ̀ lọ́ gan-an, ẹ má jẹun yó kí ẹ tó wọ mọ́tò.

Físà: owó rẹ̀ jẹ́ yúrò 90, ìwé ìbánigbófò ìtọ́jú àìsàn tó tó 30,000 yúrò gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé yín, pásípọ́ọ̀tù yín sì gbọ́dọ̀ ṣì ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ tẹ́ ẹ máa kúrò níbẹ̀. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ ní oṣù mẹ́fà ṣáájú. Ẹ bẹ̀rẹ̀.

Ní ti bàbá wọn, ẹ gbé ìwọ̀n fún òun náà. Mo fura pé òun gan-an lẹ̀rù ń bà.

Màámi, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní OAU. Mo gbọ́ pé àwọn oko ẹlẹ́ṣin kan ní Sípéènì ń fún èèyàn ní ilé àti oúnjẹ lọ́fẹ̀ẹ́, tó bá lè máa kó ìgbẹ́ ẹṣin, kó sì máa fún wọn lómi. Ṣé mo lè fi físà àbẹ̀wò lọ ṣe é?
Ọmọ Ifẹ̀

Rárá, ọmọ mi. Físà àbẹ̀wò fún ọ ní ọjọ́ 90 nínú 180 láti fi wòran, kò fún ọ láṣẹ iṣẹ́. Kíkó ìgbẹ́ gba oúnjẹ, iṣẹ́ ni. Bí wọ́n bá ká ọ mọ́ ọn, ìwọ ni wọ́n máa lé, olóko á wá ẹlòmíràn. Parí ẹ̀kọ́ rẹ, kí o wá wọlé ìwé síbẹ̀, ọ̀nà wà fún akẹ́kọ̀ọ́.

Ìyá wa, kí ló dé táwa náà ò fi lè ṣe irú oko àlejò ẹlẹ́ṣin bẹ́ẹ̀ ní Erin-Ìjẹ̀ṣà? A ní òkè, a ní omi.
Bàbá Olóko, Iléṣà

Ẹ̀gbọ́n, ẹṣin ló máa dà yín láàmú. Eṣinṣin tsetse tó wà nínú igbó wa ń gbé àìsàn kan tó ń jẹ ẹ̀jẹ̀ ẹṣin tán. Ìdí nìyẹn tí Ọ̀yọ́ láyé ọjọ́un fi ń ra ẹṣin láti òkè ọya, ọ̀dàn sì ni wọ́n ti rí i lò dáadáa. Nígbà tí wọ́n kojú ogun sí igbó Ìjẹ̀ṣà, ẹṣin ò rí ọ̀nà gbà. Lónìí oògùn wà, dókítà ẹran wà, ṣùgbọ́n owó tí ẹṣin mẹ́rin máa jẹ lọ́dún, ẹ fi kọ́lé.

Ẹ yọ ẹṣin kúrò nínú rẹ̀. Ohun tí mo sanwó fún ní Alpujarra ni ibùsùn tó mọ́, oúnjẹ tí wọ́n sè níwájú mi, àti ẹni tó mọ ọ̀nà òkè tó mú mi rìn. Omi Ọlúmirin tó ń dà láti orí òkè ní Erin-Ìjẹ̀ṣà ní ìpele méje, kò sì sí ìkankan nínú wọn tí kò tó wò. Oko kòkó wà níbẹ̀, ẹmu wà, ẹ sì lè jẹ́ kí àlejò gún iyán tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Kí ẹ tó ra bẹ́ẹ̀dì, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ́, kí omi máa yọ nínú rẹ̀ tọ̀sán tòru. Ìgbà tó bá ti wà, tí yàrá méjì sì ṣetán, ẹ kọ̀wé sí mi. Màá wá sùn níbẹ̀, màá sanwó mi, màá sì sọ ohun tí kò dára níbẹ̀ fún yín lójú yín.