Ṣé láàbù orí íntánẹ́ẹ̀tì tó fún kíkọ́ CAD?

Ìbéèrè: Mò ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní CAD, ìyẹn yíya àwòrán ẹ̀rọ lórí kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà láàbù wa ò kárí wọn, èyí tó wà gan-an ti gbó. Ṣé kí n kó gbogbo iṣẹ́ náà lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì?

Ìdáhùn: Ẹ kó o lọ, àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀.

Àwọn kan máa ń fi sọ́fítíwià CAD sórí kọ̀ǹpútà ńlá kan, kí akẹ́kọ̀ọ́ máa lò ó láti òkèèrè. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń fà, akẹ́kọ̀ọ́ á ti gbọ́wọ́ kúrò lórí máòsì kí àwòrán tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ó ń súni. Mo fara mọ́ irú Onshape ju ìyẹn lọ: inú bùráwúsà ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ní ètò ọ̀fẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́. Ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ ń já ṣáá, kí ó gba FreeCAD. Ọ̀fẹ́ lòun náà, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ tó bá ti wà lórí ẹ̀rọ.

Ọ̀rọ̀ gan-an wà níbi máàkì. Ẹ má ṣe máàkì fọ́tò àwòrán, ẹwà rẹ̀ lè tanni jẹ. Fáìlì gan-an ni kí ẹ gbà, kí ẹ sì yí ìwọ̀n kan padà nínú rẹ̀. Ká ní irin pẹlẹbẹ kan gùn ní 80 mm, ó ní ihò ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ sọ 80 yẹn di 120. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá so ihò mọ́ etí irin, àwọn ihò á bá etí lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ó kàn fojú bù ú ni, méjì nínú wọn á kù sí agbede irin. Ní Onshape, ìlà tí ìwọ̀n tàbí ìsopọ̀ ò tíì dè tán, tó ṣì lè yẹ̀, máa ń jẹ́ búlúù. Tó bá ti dè tán, á di dúdú. Ẹ kọ́ wọn láti máa wá dúdú yẹn kí wọ́n tó gbéra níbẹ̀. Ìtàn iṣẹ́ tó wà nínú fáìlì náà lè fi ẹni tó da tẹlòmíràn kọ hàn, ìyẹn ò ní gbà yín lákòókò.

Ohun tí ẹ ò gbọdọ̀ kó lọ ni wíwọn irin lọ́wọ́. Lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀pá 20 mm á wọ ihò 20 mm wọ̀ọ̀. Níbi iṣẹ́, ihò 20 H7 (H7 ni àmì tó ń sọ bí ìwọ̀n ihò ṣe lè yàtọ̀ tó) lè jẹ́ 20.000 sí 20.021 mm, ọ̀pá g6 (irú àmì bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pá) tó máa yí nínú rẹ̀ á sì jẹ́ 19.980 sí 19.993. Ẹ kó ọ̀pá méjì wá, ọ̀kan tó wọlé, ọ̀kan tó kọ̀, kí wọ́n fi máíkírómítà, irinṣẹ́ tó ń wọn ìyàtọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀, wọ̀n wọ́n fúnra wọn, kí wọ́n tó padà lọ kọ ìwọ̀n sínú àwòrán.