Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Aṣọ Àwọn Olólùfẹ́ Eré Ìje Alùpùpù

Láti ìgbà tí a ti mẹ́nu kan MotoGP, ìpele tó ga jù nínú ìdíje alùpùpù àgbáyé, nínú abala yìí, lẹ́tà tó ń wọlé lórí aṣọ ti pọ̀ ju èyí tó ń wọlé lórí eré ìje fúnra rẹ̀ lọ. A ṣa mẹ́rin nínú wọn, a gé wọn kúrú, a sì yọ orúkọ àwọn tó kọ wọ́n kúrò.

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Ìbàdàn. Nígbà tí olùdíje Marc Marquez wà lọ́dọ̀ Honda ni mo ra ẹ̀wù ẹgbẹ́ náà, èyí tí orúkọ Repsol, ilé iṣẹ́ epo tó jẹ́ onígbọ̀wọ́ wọn, wà ní àyà rẹ̀ gàdàgbà. Marquez kúrò níbẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ Gresini, kò sì pẹ́ tó tún fi bọ́ sọ́dọ̀ Ducati. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ta gan-an ni olólùfẹ́ eré yìí ń tẹ̀ lé, ṣé ẹgbẹ́ ni àbí ènìyàn?

Ènìyàn ni. Ẹni tó ti ìdí bọ́ọ̀lù wá sábà máa ń rò pé bí a ṣe ń ṣe ti Arsenal títí dọjọ́ alẹ́ náà ni a ó ṣe máa ṣe ti Honda tàbí Yamaha, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ níhìn-ín. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe alùpùpù ni ó ni ẹgbẹ́, tàbí ni ó ń yá ẹgbẹ́ ní alùpùpù; onígbọ̀wọ́ ló fi owó ra ààyè tí orúkọ rẹ̀ wà lára ẹ̀wù; gbogbo àdéhùn wọn ló sì ní ọjọ́ tí yóò parí. Ọdún 2013 sí 2023 ni Marquez fi wà lọ́dọ̀ Honda ní ìpele tó ga jù, ó sì gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé lẹ́ẹ̀mẹfà níbẹ̀. Ó lo 2024 lọ́dọ̀ Gresini, ó sì gba ẹlẹ́ẹ̀keje fún Ducati ní 2025. Repsol alára, tó ti ń bá Honda bọ̀ láti 1995, kúrò nígbà tí 2024 parí. Kì í ṣe olùdíje yín nìkan ló fi ẹ̀wù yẹn sílẹ̀, ẹni tó sanwó àyà rẹ̀ náà ti lọ.

Ohun tí kò lọ ni 93, nọ́ńbà tó wà lára alùpùpù rẹ̀. Ọdún 1993 tí wọ́n bí Marquez ni ó ti yọ nọ́ńbà náà, kò sì sí ẹgbẹ́ tó dé tí kò gbé e dé. Valentino Rossi, olùdíje ọmọ Ítálì, ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀ pẹ̀lú 46, nọ́ńbà tí Graziano, bàbá rẹ̀, ti fi díje rí. Ìgbà mẹ́sàn-án ni Rossi di akọni àgbáyé, síbẹ̀ kò fi nọ́ńbà 1 tó tọ́ sí akọni rọ́pò 46 rẹ̀ rí. Ó fẹ̀yìn tì ní ìparí 2021. Nígbà tó di 2022, wọ́n fi 46 náà fẹ̀yìn tì ní Mugello, ní Ítálì, ẹnikẹ́ni kò ní lò ó mọ́ ní ìpele náà. Ẹni tí mo káàánú ni ẹni tó ra ẹ̀wù Francesco Bagnaia, olùdíje Ducati tó di akọni àgbáyé, tí wọ́n kọ 1 sí, nítorí ọdún méjì péré, 2023 àti 2024, ni Bagnaia fi lò ó kí ó tó padà sí 63 rẹ̀.

Owó wà nínú ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú. Rossi ní ilé iṣẹ́ kan, VR46, tó ń ta aṣọ fún àwọn olólùfẹ́, kì í sì í ṣe aṣọ tirẹ̀ nìkan ló ń tà. Àní aṣọ Marquez wà lára ọjà rẹ̀ nígbà kan. Ní oṣù kẹwàá 2015 ni àwọn méjèèjì forí gbárí ní Sepang, ní Malaysia, tí Marquez ṣubú, tí wọ́n sì ní kí Rossi lọ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn pátápátá nínú eré ìje tó kẹ́yìn ọdún náà ní Valencia. Lẹ́yìn ìjà yẹn ni Marquez kó ọjà rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ta ni yóò máa bá ènìyàn jà lójú pópó, tí èrè aṣọ rẹ̀ yóò tún máa wọ àpò ẹni náà?

Nípa ẹ̀wù yín, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀. Repsol Honda kò sí mọ́, àwọn tó ń kó aṣọ ìdíje àtijọ́ jọ yóò sì máa wá irú rẹ̀.

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn. London ni mo ń gbé. Ọmọ mi ọkùnrin fẹ́ kí n mú òun lọ wo eré ìje ní Silverstone, ó sì ti kọ ohun tó fẹ́ wọ̀ sílẹ̀ fún mi: fìlà, ẹ̀wù, jákẹ́ẹ̀tì àti àpò, gbogbo rẹ̀ ti Marquez. Mo rí wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ìdajì iye tí àwọn ilé ìtajà mìíràn ń pè é. Ṣé ojúlówó ni?

Ìyá wa, ó lè jẹ́ ojúlówó, ó sì lè jẹ́ ayédèrú. Bí olùdíje bá yí ẹgbẹ́ padà, tàbí tí onígbọ̀wọ́ bá lọ, ńṣe ni wọ́n máa ń ta ẹ̀wù ọdún tó kọjá ní owó pọ́ọ́kú, nítorí náà iye owó nìkan kò tó láti fi ṣèdájọ́. Ẹ fi àwòrán ọjà náà wé àwòrán Marquez lórí alùpùpù rẹ̀ ní ọdún yìí. Olùdíje kọ̀ọ̀kan ló ní bí wọ́n ṣe ń ya nọ́ńbà tirẹ̀; bí 93 náà bá dà bí èyí tí ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ jáde láti inú kọ̀ǹpútà, ẹ fura. Ẹ wo èèrà pupa tí ó fi ṣe àmì ara rẹ̀, bóyá ó wà níbẹ̀ àti bóyá ó jọ èèrà. Bí ẹ bá rí àmì àwọn onígbọ̀wọ́ Honda àti ti Ducati lára ẹ̀wù kan ṣoṣo, ẹ pa ojú ìwé náà dé.

Ṣùgbọ́n ti Silverstone ni ẹ jẹ́ kí n tẹnu mọ́. Ní oṣù kẹjọ 2018, òjò rọ̀, omi dúró sí ojú ọ̀nà ìdíje tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ọ̀dà rẹ̀ tẹ́, wọ́n ń sún àkókò síwájú títí, wọ́n sì wọ́gi lé gbogbo eré ìje ọjọ́ náà níkẹyìn, lẹ́yìn tí èrò ti jókòó nínú òtútù fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Aṣọ òjò tó nípọn ni kí ẹ kọ́kọ́ rà fún òun àti fún ara yín, yálà orúkọ wà lára rẹ̀ tàbí kò sí. Fìlà lè tẹ̀ lé e.

Abẹ́òkúta ni mo wà, alùpùpù ni mo sì ń gùn lọ síbi iṣẹ́. Mo ra jákẹ́ẹ̀tì Ducati kan ní ọjà òkìríkà. Ó wúwo díẹ̀, ó sì jọ ti àwọn tó ń díje. Ṣé ó lè gbà mí bí mo bá ṣubú?

Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ohun tí wọ́n ń tà fún olólùfẹ́ jẹ́ aṣọ ìwòran: òwú tàbí rọ́bà tínrín tí wọ́n tẹ àmì sí, èyí tí ọ̀dà títì yóò fà ya kí ẹni tó ṣubú tó dúró. Aṣọ tí wọ́n fi ń díje yàtọ̀ pátápátá. Awọ màlúù tàbí ti kangaroo ni, ọ̀kan ṣoṣo láti ọrùn dé ọrùn ẹsẹ̀, tí ike líle wà ní èjìká, ní ìgúnpá àti ní orúnkún. Ti orúnkún yẹn, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lọ́nà tó fi ṣeé yọ, nítorí olùdíje máa ń tẹ̀ débi tí orúnkún àti ìgúnpá rẹ̀ yóò fi máa ha ilẹ̀, tí ike náà yóò sì jẹ lọ. Lẹ́yìn eré ìje, ẹ óò rí i tí wọ́n ń ju èyí tó ti jẹ sí àwọn èrò, àwọn èrò a sì máa jà á gbà. Nínú iké ẹ̀yìn rẹ̀ ni ẹ̀rọ tó ń mọ̀ pé ènìyàn ti ń ṣubú wà, òun ló sì ń fẹ́ àpò afẹ́fẹ́ tó ń yí èjìká àti ẹ̀yìn ká kí ara tó kan ilẹ̀. Láti 2018 ni àpò yìí ti di dandan fún olùdíje ní ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Moto3, Moto2 àti MotoGP. Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀ náà, Marquez ṣẹ́ eegun apá ọ̀tún ní Jerez, ní Sípéènì, ní 2020, iṣẹ́ abẹ mẹ́rin ni wọ́n sì ṣe sí apá kan náà.

Síbẹ̀, ẹ má tíì so jákẹ́ẹ̀tì yín mọ́ ògiri. Ducati tún ń ta jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n dìídì ṣe fún gígun alùpùpù, irú rẹ̀ sì lè bá òkìríkà wọlé láti Yúróòpù. Ẹ tẹ ìgúnpá àti èjìká rẹ̀ wò bóyá ohun líle wà níbẹ̀. Ẹ yẹ lébẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ wò: ti tòótọ́ yóò ní lẹ́tà CE àti àwòrán ẹni tó wà lórí alùpùpù, àwọn tuntun sì máa ń ní A, AA tàbí AAA, tí AAA sì lágbára jù. Bí kò bá sí ìkankan, aṣọ òde ni. Owó tí ẹ bá ní, àṣíborí tó bá orí yín mu ni kí ẹ fi rà, kí ẹ sì máa de okùn rẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n, kì í ṣe kí ẹ gbé e lé orí bíi fìlà nítorí ọlọ́pàá.

Ọmọ Yorùbá ni mí ní Kútọnu, iṣẹ́ zémidjan, ọ̀kadà tiwa níbí, ni mo ń ṣe, ẹ̀wù àwọ̀ ìyeyè tó ní nọ́ńbà sì ni àwa náà ń wọ̀. Ǹjẹ́ ọmọ Áfíríkà kan wà nínú ìdíje yìí tí mo lè ra ẹ̀wù rẹ̀?

Ó wà. Brad Binder, ọmọ Gúúsù Áfíríkà láti ìlú Potchefstroom, ń gun KTM, 33 sì ni nọ́ńbà rẹ̀. Eré ìje kẹta rẹ̀ péré ní MotoGP, ní Brno, ní orílẹ̀-èdè Czech, ní oṣù kẹjọ 2020, ni ó fi borí, kò sì sí ọmọ orílẹ̀-èdè rẹ̀ tàbí alùpùpù KTM kankan tó ti borí ní ìpele náà rí. Ní Ọ́sítríà ní 2021, òjò dé nígbà tí eré ku díẹ̀. Àwọn tó ṣáájú yà lọ pààrọ̀ alùpùpù sí èyí tó ní táyà òjò, Binder dúró lórí táyà ilẹ̀ gbígbẹ tó wà lẹ́sẹ̀ alùpùpù rẹ̀, ó ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀, ó sì gba ipò kìíní.

Gbèsè fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé KTM mì ní ìparí 2024. Ilé iṣẹ́ Bajaj ti Íńdíà, àwọn tó ń ṣe Boxer tí ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà ń gùn ní Nàìjíríà, ló kó owó sílẹ̀ ní 2025 tí wọ́n fi yọ. Àwọ̀ ọsàn ni aṣọ ẹgbẹ́ KTM, ṣùgbọ́n ẹ̀wù tó ní 33 ni kí ẹ wá, kí ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn má baà bá yín. Ẹ má kàn wọ̀ ọ́ bo ẹ̀wù iṣẹ́ yín mọ́lẹ̀, nítorí ọlọ́pàá Kútọnu kò ní gba 33 dípò nọ́ńbà tí wọ́n fún yín.