Kí o tó fi lọ́jíìkì ṣe iṣẹ́

Àbúrò, o ní o fẹ́ ṣe másítà nínú lọ́jíìkì ìṣirò, ẹ̀kọ́ nípa ohun tí a lè fi ẹ̀rí hàn nínú ìṣirò àti ohun tí a kò lè fi hàn, ní UI, o sì ń bèèrè irú ayé tí àwọn tó ń ṣe é ń jẹ. Ìbàdàn yìí náà ni mo ti kà á. Ẹ̀kọ́ JAMB tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Agbowó ló ń san owó ilé mi títí mo fi parí. Ọ̀rọ̀ owó tán nìyẹn.

Èyí tó le jù ni pé iṣẹ́ náà kì í jọ iṣẹ́ lójú ẹnikẹ́ni. Ìyá onílé mi a yọjú lójú fèrèsé, a bá mi pẹ̀lú bírò lọ́wọ́, mo tẹjú mọ́ ògiri. A ní, "Tíṣà, ṣé ẹ ò níí jáde lónìí ni?" Láti àárọ̀, ìlà méjì ni mo kọ, mo sì ti fagi lé ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ni mo ń ṣe o!

Gbogbo ayé ló ń pariwo Gödel, gbajúgbajà onímọ̀ lọ́jíìkì; ìwọ lọ ka ìtàn Julia Robinson, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní 1919. Ní 1900, Hilbert, onímọ̀ ìṣirò ará Jámánì, bèèrè bóyá ọgbọ́n kan wà tí a lè fi mọ̀, fún ìdọ́gba yòówù bíi x² + y² = z², pé nọ́ńbà odidi wà tó bá a mu tàbí kò sí. Ti èyí rọrùn: 3, 4 àti 5. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan ṣoṣo tí yóò ká gbogbo wọn ni Hilbert ń wá. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Julia fi lé e. Bó bá ń fẹ́ àbẹ́là ọjọ́ ìbí rẹ̀, àdúrà rẹ̀ ni pé kí ìdáhùn sáà jáde, ìbáà má jẹ́ òun ló rí i. Ní 1970, Yuri Matiyasevich, ọmọ ọdún 22 ní Leningrad, dúró lórí iṣẹ́ Julia, Martin Davis àti Hilary Putnam, ó sì fi hàn pé kò sí irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Inú Julia dùn dẹ́yìn! Àwọn méjèèjì tiẹ̀ jọ kọ̀wé lẹ́yìn náà. Ó di 1976 kí Yunifásítì Berkeley ní Kalifóníà tó sọ Julia di ọ̀jọ̀gbọ́n, ibi tí ọkọ rẹ̀ ti kọ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ṣé inú tìẹ náà lè dùn bẹ́ẹ̀ bí ẹlòmíì bá parí ohun tí o ti ń fà bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́? Bí kò bá lè dùn, ó máa sú ọ kíákíá.

Wá ẹnì kan tí yóò máa ka ẹ̀rí rẹ, ìyẹn àwọn ìgbésẹ̀ tí o fi hàn pé òótọ́ ni ohun tí o sọ, ní ìlà kọ̀ọ̀kan, tí kò níí tijú láti ní, "Báwo lo ṣe dé ibí yìí?" Bí o kò bá tíì rí i, má tíì san owó fọ́ọ̀mù.