Ẹkún lórí ọba ẹlòmíràn

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin àgbà wa, ọmọ Kétu ní ilẹ̀ Benin ni mí, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni mo ń gbé. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, mo jókòó sídìí tẹlifíṣọ̀n láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, mo ń wo ìsìnkú Ọbabìnrin Elizabeth Kejì, mo sì ń sunkún. Títí di òní ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé Faransé ló jọba lé wa lórí, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì, àti pé irú ìlú wo ni wọ́n ti ń gbé òkú ọba gba ojú títì kí gbogbo ayé máa wò ó. Ṣé mo ṣe àṣejù ni? — Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kò ṣe àṣejù. Orí obìnrin yìí wà lára ṣílè tí wọ́n ń ná ní Nàìjíríà nígbà kan, àwọn ìyá wa tó ń lọ tajà ní òdìkejì ẹnubodè sì ti mọ ojú rẹ̀ kí wọ́n tó bí yín.

Ti òkú ọba ni ẹ̀gbọ́n yín ti ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ní ilẹ̀ wa, ọba kì í kú, ó máa ń wàjà ni. Ẹni tó bá sì ti gorí oyè kì í fojú kan òkú. Nítorí náà, ó yà mí lẹ́nu púpọ̀ nígbà tí mo rí Ọba Charles tó ń fẹsẹ̀ rìn tẹ̀lé pósí ìyá rẹ̀, tí àwọn ọmọ ogun ojú omi 142 ń fi okùn fa kẹ̀kẹ́ tó gbé e, tí ojú ọba tuntun náà pọ́n, tí kò sì rí ibi fi í pamọ́ sí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rántí Windsor, ààfin tí wọ́n sin ín sí. Níbẹ̀ ni wọ́n ti gbé adé àti ọ̀pá àṣẹ kúrò lórí pósí, tí olórí àwọn ìjòyè ààfin ṣẹ́ ọ̀pá oyè tirẹ̀ sí méjì, nítorí ọba tó ń sìn ti lọ. Gbogbo èyí ni a rí. Nígbà tó wá di alẹ́, tí wọ́n fẹ́ tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ Philip ọkọ rẹ̀, ẹbí nìkan ló wọlé, tẹlifíṣọ̀n kankan kò sì fi í hàn. Àwọn náà ní ibi tí ojú ọ̀gbẹ̀rì kì í dé; ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé àwa ti ń ti ilẹ̀kùn láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn dúró di ìgbẹ̀yìn.

Ní tèmi, ojú mi gbẹ títí wọ́n fi mú ajá rẹ̀ méjèèjì, Muick àti Sandy, jáde sí àgbàlá Windsor, tí wọ́n ń retí rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ ìyẹn fún ẹ̀gbọ́n yín.