Èsì: Ṣé kí a ra ẹ̀rọ ọ́síjìn fún Màmá?

Ẹ kú ìtọ́jú Màmá o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní dókítà ti sọ pé àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni, lẹ́yìn gbogbo ọdún tí wọ́n fi yan gàrí nínú èéfín n'Ìjẹ̀bú-Igbó. Ẹ má tíì náwó ẹ̀rọ yẹn.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń mí hẹlẹhẹlẹ ni ọ́síjìn wúlò fún. Ìwádìí kan jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1981, lórí àwọn tí ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀ gan-an. Nínú èèyàn 42 tó ń lo ẹ̀rọ fún, ó kéré tán, wákàtí 15 lójúmọ́, 19 ló kú láàárín ọdún 5. Nínú 45 tí kò lò ó, 30 ló kú. (Wákàtí 15, pẹ̀lú iná wa yìí!) Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dán an wò l'Amẹ́ríkà lára 738 èèyàn tí tiwọn kò le tó bẹ́ẹ̀, èsì 2016 ni pé kò mú ẹ̀mí wọn gùn sí i.

Ẹ gbé wọn lọ sí ọsibítù Yunifásítì ní Ṣágámù, kí wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ìka wo iye ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ wọn. Bí ẹ̀rọ náà bá ń fi 88 nínú ọgọ́rùn-ún (88%) tàbí iye tó kéré sí i hàn nígbà tí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́, ó yẹ kí ẹ bá dókítà sọ ọ̀rọ̀ ọ́síjìn.

Ní báyìí, kí Màmá kúrò nídìí àrò gàrí pátápátá, ẹ̀gbọ́n. Ẹlòmíì lè máa yan án.