Ṣé ọmọkùnrin mi ò láàánú ni?

Ìbéèrè: Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 14, wà ní kọlẹ́ẹ̀jì níbí ní Kétu, lórílẹ̀-èdè Benin. Ó jí fóònù ọ̀rẹ́ rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó lu ọmọ kan títí ètè ọmọ náà fi là. Mo bá a wí, kò sunkún, kò bẹ̀bẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kò ṣe irú rẹ̀ rí. Wọ́n ní kí n mú un lọ sí kọmísáríà, àgọ́ ọlọ́pàá, kí wọ́n tì í mọ́lé lálẹ́ ọjọ́ kan, kí ẹ̀rù bà á. Ṣé kí n ṣe é?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Ẹ má mú un lọ. Wọ́n ti dán irú ìdẹ́rùbà yìí wò dáadáa ní Amẹ́ríkà: wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́ wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n, àwọn ẹlẹ́wọ̀n jágbe mọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn ẹgbẹ́ wọn tí wọn ò mú lọ, àwọn tó lọ ló tún rú òfin jù. Ọmọ tí ẹ̀rù bà, ara tirẹ̀ ló ń rò, kì í ro ẹni tó lù.

Ohun méjì la ń pè ní àánú. Kí èèyàn mọ ohun tó ń ṣe ẹlòmíràn, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Kí ó máa dun òun náà, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Àwọn onímọ̀ nípa ìwà ọ̀daràn méjì, Jolliffe àti Farrington, kó ìwádìí 35 jọ ní 2004, wọ́n rí i pé àìmọ ohun tó ń ṣe ẹlòmíràn ló bá ìwà ọ̀daràn tan jù, pàápàá ti ìwà ipá. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ka òye orí àti ipò ìdílé mọ́ ọn, ìbátan náà pòórá. Lóòótọ́, àwọn ọmọbìnrin máa ń gba máàkì ju ọkùnrin lọ níbi ìdánwò àánú. Ṣùgbọ́n ẹnu ọmọ fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti ń gba ìdáhùn, bẹ́ẹ̀ láti kékeré la ti ń sọ fún ọkùnrin pé kò gbọdọ̀ sunkún. Ojú gbígbẹ rẹ̀ kò tíì sọ nǹkan kan fún yín.

Ẹ dúró kí inú yín rọ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ẹ̀yin àti òun nìkan. Ẹ má bèèrè “kí ló dé?” ní àkọ́kọ́, irọ́ ni yóò fi dá a lóhùn. Ẹ bèèrè ohun tí ojú rẹ̀ rí: ibo lo ti kọ́kọ́ gbá a? Kí ló ṣe? Báwo ló ṣe rìn délé? Pẹ̀lú ètè tó là, kí ló jẹ lálẹ́ ọjọ́ yẹn? Bó bá dákẹ́, kí ẹ̀yin náà dákẹ́. Ti fóònù, ẹ yà á sọ́tọ̀. Ẹ bèèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe.

Lẹ́yìn náà ni àtúnṣe. Bí ẹ bá tètè san owó ìtọ́jú, ẹ̀yin lẹ san án, òun kọ́. Kí ó fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dá a padà díẹ̀díẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ òbí ọmọ náà bóyá ọmọ wọn fẹ́ rí ọmọ yín; bó bá kọ̀, ẹ fi sílẹ̀. Kí bàbá rẹ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ bá a lọ, nítorí bó bá jẹ́ ìyá nìkan, yóò rò pé iṣẹ́ obìnrin ni ẹ̀bẹ̀. (Àwọn ọkùnrin Kétu ló ń gbé ojú obìnrin sórí jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ẹnikẹ́ni ò sì sọ pé wọn kì í ṣe ọkùnrin.) Kí ó sọ ohun tó ṣe gan-an: “mo gbá ọ lẹ́nu.” “Bí mo bá ṣẹ̀ ọ́” kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Ẹ má ṣe é lójú ọjà.

Ẹ yára wá òṣìṣẹ́ ọ̀rọ̀ ọmọdé bó bá ti ń fìyà jẹ ẹranko tàbí ọmọ kékeré láti kékeré rẹ̀, bó bá ń gbé ọ̀bẹ, tàbí bí ẹnì kan bá ń lù ú nílé. Ó ti kọjá ọdún 13 tí òfin Benin fi ń dá ọmọ sí. Ẹjọ́ rẹ̀ lè dé iwájú adájọ́ àwọn ọmọdé.

Ẹ má fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n fún un mọ́. Ẹ sì bi ẹ̀gbọ́n náà léèrè ohun tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń sọ nípa àwọn ọmọbìnrin míì lórí WhatsApp.