Kámẹ́rà Wo Ni Kí N Fi Ya Ẹyẹ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí n'Íbàdàn. Bí mo bá fi fóònù ya àwọn ẹ̀ga orí ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé wa, bí èèrà ni wọ́n ń rí. Wọ́n ní kí n ra bridge camera. Èwo ni kò ní jẹ mí lówó jù?

ÌDÁHÙN: Tíṣà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́ǹsì bridge camera kì í yọ kúrò lára kámẹ́rà, òun kan náà lẹ ó máa fi ya ti tòsí àti ti ọ̀nà jíjìn. Nikon P950 ń fa nǹkan sún mọ́ni dé ìlọ́po 83, àmọ́ ó wúwo tó kílò kan, ó sì wọ́n. Panasonic FZ300 ni mo fọwọ́ sí. Ìlọ́po 24 péré ni tiẹ̀, ṣùgbọ́n ojú lẹ́ǹsì rẹ̀ ń là dé f/2.8 kódà tẹ́ ẹ bá fà á dópin. Bí ojú rẹ̀ bá là tó bẹ́ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ ló ń wọlé; lábẹ́ igi ni ìyẹn ti wúlò. Ní Lekki Conservation Centre, igbó tí wọ́n ti ń dáàbò bo ẹranko l'Ékòó, ọ̀bọ kan jókòó síbi òjìji. Irun etí rẹ̀ hàn ketekete nínú fọ́tò mi.

Ọdún 2015 ni FZ300 jáde, nítorí náà ẹ wá tòkunbọ̀. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú lẹ́ǹsì kẹ́ ẹ tó sanwó! Èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. Ilé ni mo ti rí i pé nǹkan funfun bí òwú aláǹtakùn ti hù sínú dígí rẹ̀. Ẹni tó tà á fún mi ò gbé ìpè mi mọ́.